Ọ̀kẹ́rẹ́ Gorí Ìrókò: Ọgbà Vaux-le-Vicomte Láti Òkè

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Bàbá mi fẹ́ràn òwe yìí púpọ̀, torí ó máa ń bá wọn parí iyàn lójú ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ọgbà kan wà nílẹ̀ Faransé tó jẹ́ pé bí òwe náà ṣe wí gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀. Ibì kan wà tí wọ́n fẹ́ kí àlejò pàtàkì dúró sí láti wo ọgbà náà. Bó bá dúró síbẹ̀, ohun kan ni yóò rí. Ẹni tó bá gun òkè lọ, ohun mìíràn ni yóò rí.

Vaux-le-Vicomte ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ó wà nítòsí ìlú Melun, ní gúúsù ìlà-oòrùn Paris, bíi kìlómítà 50 sí ìlú náà. Iṣẹ́ ló mú mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń ya ilé àti àyíká rẹ̀ sójú ẹ̀rọ, bí ẹni pé èèyàn ń rìn kiri nínú ẹ̀. Ohun tó le jù nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ilé náà fúnra rẹ̀ o. Ibi tí ojú ẹni tó ń wò ó wà ni wàhálà. Ilé kan náà ni, àmọ́ bí ẹ bá sún ojú yẹn sẹ́yìn díẹ̀, tàbí tí ẹ gbé e sókè, ó ti di ilé mìíràn nìyẹn. Níbi tí mo ti ń wá àlàyé kiri ni mo ti kan orúkọ André Le Nôtre, ọkùnrin kan tó ti fi ilẹ̀, omi àti igi ṣe ìṣirò yìí kan náà ní ohun tó ju ọ̀ọ́dúnrún ọdún lọ sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dúró síbi tí wọ́n fẹ́ ká dúró sí. Orí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ààfin ni, níbi tí ojú ti kọ sí ọgbà. Ọ̀nà gbọọrọ kan la àárín já, ó tọ́ bí ìgbà tí wọ́n na okùn. Lọ́tùn-ún àti lósì, ilẹ̀ pẹrẹsẹ méjì wà tí wọ́n ya ọnà sí, ọnà tó ń lọ́ tó ń wé mọ́ra bíi ti àyà agbádá. Àwọn Faransé náà ò wá orúkọ rẹ̀ jìnnà: broderie ni wọ́n ń pè é, orúkọ kan náà tí wọ́n ń pe iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ara aṣọ. Lẹ́yìn ìyẹn, adágún omi kan tó rí roboto. Lẹ́yìn ìyẹn, koríko, ère, omi mìíràn. Lẹ́yìn náà ni adágún onígun mẹ́rin kan. Létí adágún yẹn gan-an, ògiri òkúta kan dúró tí wọ́n gbẹ́ ihò sí bíi ti inú àpáta, tí wọ́n sì kó ère sínú rẹ̀. Lókè ògiri náà, ilẹ̀ tún gòkè, koríko tútù ló tẹ́ lọ títí dé ibi tí ère Hercules kan dúró sí ní ṣóńṣó, aláwọ̀ wúrà, tó ń dán nínú oòrùn. Gbogbo ẹ̀ wà lójú kan. Ẹ ó rò pé ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ẹ ti fọwọ́ kan ère yẹn.

Ó dáa, ẹ wá bá mi lókè. Àwòrán sátẹ́láìtì ni èmi fi gun tèmi. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀ lè gba inú òrùlé rìbìtì ààfin náà dé orí rẹ̀, kó sì ti ibẹ̀ wo ilẹ̀. Èmi jókòó sílé, mo ń fi ìka méjì fa àwòrán náà tóbi lójú ẹ̀rọ, omi sì ni ohun àkọ́kọ́ tó gbá mi lójú. Odò kan tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́, tó tọ́ gbọọrọ, tí gígùn rẹ̀ ò jìnnà sí kìlómítà kan, ló dá ọgbà náà ní ìbú. Ibi tó gbà kọjá? Àárín adágún onígun mẹ́rin àti ògiri ihò àpáta. Ibi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé nǹkan méjèèjì ti fara kan ara wọn! Odò tó tóbi tó báyìí, ẹni tó wà lórí àtẹ̀gùn ò rí ẹ̀kán rẹ̀.

Kò sí oògùn nínú ẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ lójijì lẹ́yìn adágún onígun mẹ́rin. Nínú kòtò yẹn ni odò kékeré kan tó ń jẹ́ Anqueuil ti ń ṣàn tẹ́lẹ̀, òun ni wọ́n sì tọ́ sínú ipa tuntun, tí wọ́n mú un fẹjú. Ẹni tó ń wò láti ààfin, etí adágún ti gé kòtò náà kúrò lójú rẹ̀, ojú wá so ohun tó wà níhìn-ín mọ́ ohun tó wà lọ́hùn-ún, bí ẹni tó ká aṣọ tó sì fi ìṣẹ́po rẹ̀ pa mọ́. Ìgbà tí èèyàn bá rìn dé etí ibẹ̀ ló máa rí i pé òun ò lè kọjá. Àfi kó yí ká láti ìpẹ̀kun odò, tàbí kó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Nǹkan kejì tí ojú òkè ń tú fó ni ti ìwọ̀n. Lórí àtẹ̀gùn, gbogbo adágún wọ̀nyẹn wà ní ìwọ̀n tó bá ara wọn mu. Láti òkè, ẹ ó rí i pé bí wọ́n ṣe ń jìnnà sí ààfin ni wọ́n ń tóbi sí i. Ohun tó bá jìnnà máa ń kéré lójú, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Le Nôtre wá fi kún ti òkèèrè kó má bàa kéré. Àwọn aláta ọjà wa máa ń to tòmátì ńlá síwájú kí wọ́n lè fi bo wẹ́wẹ́ mọ́lẹ̀. Tirẹ̀ yàtọ̀, ẹ̀yìn ló to ńlá sí. Ìdí nìyẹn tí ọgbà náà fi dà bíi pé kò gùn, tó fi dà bíi pé èèyàn lè fi ojú kan ṣoṣo gbé gbogbo rẹ̀ mì. Bàbá Le Nôtre jẹ́ olùtọ́jú ọgbà ọba ní Tuileries ní Paris, àmọ́ ọ̀dọ̀ ayàwòrán kan, Simon Vouet, lòun ti kọ́ṣẹ́ nígbà èwe. Ó hàn gbangba. Ọgbọ́n tí ayàwòrán máa ń dá láti mú kí pátákó pẹrẹsẹ dà bí ohun tó jìn, ló yí po tó wá dá a sórí ilẹ̀, kí ilẹ̀ tó jìn lè dà bí ohun tó sún mọ́ni.

Ọ̀gá tó san owó gbogbo èyí ni Nicolas Fouquet. Wọ́n bí i ní 1615. Ó ra ilẹ̀ Vaux ní 1641, nígbà tó sì di 1653 ó ti di ọ̀kan nínú àwọn méjì tó ń ṣe olórí àpò ìṣúra ọba Faransé. Iṣẹ́ náà gba ọgbọ́n, ó sì léwu. Ogun ń jẹ owó, àpò ọba gbẹ, Fouquet ló ń yá owó kiri, tó ń fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún gbèsè. Nígbà tó yá, kò rọrùn mọ́ láti mọ èyí tó jẹ́ owó ọba àti èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Bóyá òun náà ò fẹ́ kó rọrùn.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ni àmì ìdílé rẹ̀, torí ní ẹ̀ka-èdè kan ní ìwọ̀-oòrùn Faransé, fouquet ni wọ́n ń pe ọ̀kẹ́rẹ́. Títí di òní, ọ̀kẹ́rẹ́ wà káàkiri ara ògiri àti òrùlé inú ààfin Vaux. Gbólóhùn Látìn kan ń bá àmì náà rìn, ìbéèrè ni: ibo ni kò ní gùn dé? Lójú Yorùbá tó mọ̀ pé bí ọ̀kẹ́rẹ́ bá gorí ìrókò, ojú ọdẹ dá, gbólóhùn yẹn lè dún bí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọdẹ ló yẹ kí Fouquet máa ṣọ́. Jean-Baptiste Colbert, ẹni tó ń du ipò mọ́ ọn lọ́wọ́, ejò ni àmì ìdílé tirẹ̀. Ejò sì ń gungi.

Láti kọ́ Vaux, Fouquet kó àwọn mẹ́ta jọ: Louis Le Vau ló ya ilé, Charles Le Brun ló bójú tó àwòrán àti ọ̀ṣọ́ inú rẹ̀, Le Nôtre sì ni ọgbà. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 1661, ó pe Ọba Louis Kẹrìnlá síbẹ̀. Ọmọ ọdún 22 lọba nígbà náà. Wọ́n rìn yí ọgbà ká, wọ́n jẹun lórí àwo olówó iyebíye, Molière ṣe eré tuntun kan, Les Fâcheux, fún wọn nínú ọgbà níbẹ̀, iná àrà sì bú gbàù lójú ọ̀run lálẹ́. Ọba ò sùn síbẹ̀. Òru náà ló padà sí Fontainebleau.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ tí ọba pé ọmọ ọdún 23, d'Artagnan mú Fouquet ní ìlú Nantes. Bẹ́ẹ̀ ni, d'Artagnan tí ẹ mọ̀ nínú ìtàn àròsọ. Èèyàn gidi ni, olóyè nínú ẹ̀ṣọ́ ọba.

Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ìtàn náà ni pé ọgbà ló kó bá a. Wọ́n ní ọba dúró lórí àtẹ̀gùn yẹn, ó rí ohun tí ìránṣẹ́ rẹ̀ ní tí òun ò ní, inú bí i. Ó dùn-ún gbọ́, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ délẹ̀. Colbert ti ń kó ìwé ìṣirò jọ sí Fouquet lọ́rùn tipẹ́. Kádínà Mazarin, tó ń bá ọba ṣàkóso, kú ní oṣù kẹta ọdún náà, ọba sì kéde pé òun ò ní yan olórí òṣèlú kankan mọ́. Ipò tí Fouquet ń retí gan-an nìyẹn. Ó tún ti ra erékùṣù Belle-Île, ó ń mọ odi sí i. Wọ́n ti pinnu láti mú un kí ó tó tan iná kan ṣoṣo ní Vaux. Kódà ó ti ta oyè adájọ́ kan tó ní ní Paris, oyè tí ì bá dáàbò bò ó nílé ẹjọ́. Nígbà tó ń fi ọgbà han ọba, ọba ti mọ ibi tó ń lọ. Èmi gbà pé èyí burú ju ìlara lọ. Ẹ wo ọkùnrin kan tó ṣètò ohun gbogbo sójú ẹnì kan, tí kò mọ ohun tí ojú yẹn ti rí ṣáájú.

Ẹjọ́ gba ọdún mẹ́ta. Ní oṣù kejìlá ọdún 1664, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn adájọ́ ní kí wọ́n lé e kúrò nílùú. Àṣẹ ọba láti dín ìyà kù ni gbogbo ayé mọ̀. Louis lo tirẹ̀ láti fi kún un, ó sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n gbére. Pignerol, ní ẹsẹ̀ òkè Alps, ni wọ́n tì í mọ́ títí tó fi kú ní 1680. Èdè wa ò fi ibẹ̀ pa mọ́: ọgbà ni a ń pe ibi òdòdó, ọgbà náà ni a ń pe ibi ẹ̀wọ̀n. Láti inú ọ̀kan ni Fouquet ti bọ́ sínú èkejì.

Ọba kó ohun tó fẹ́ ní Vaux: aṣọ ọlọ́nà ara ògiri, ère, igi ọsàn. Ó kó àwọn oníṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà pẹ̀lú, wọ́n bá a ṣe Versailles. Tí ẹ bá gbé àwòrán sátẹ́láìtì méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ ó mọ̀ pé ọwọ́ kan náà ni. Ìyàtọ̀ kan wà tó máa ń mú mi dúró. Odò ńlá Versailles gùn tó mítà 1,670, bí ojú sì ṣe ń lọ ni wọ́n tẹ́ ẹ, gbalaja níwájú ààfin, kí ojú lè bá a lọ títí yóò fi pòórá sójú ọ̀run. Ti Vaux dábùú, ó sì fara pa mọ́. Onílé ti Vaux ń bá àlejò ṣeré ni, pé ẹ wá, ẹ ò tíì rí nǹkan. Ọba ò ní ohun tó ń fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ kí ẹ rí i pé tòun ò lópin.

Kò sì fi bí wọ́n á ṣe rí i sílẹ̀ fún wọn. Láti 1689 lọ, Louis fúnra rẹ̀ ṣe ìwé kékeré kan nípa bó ṣe yẹ kí wọ́n fi ọgbà Versailles han àlejò, ó sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀mélòó kan. Ẹ gba ibí, ẹ dúró níbí, ẹ wo tọ̀hún, ẹ yíjú padà. Nígbà tí mo kà nípa rẹ̀, ẹ̀rín pa mí, torí bí a ṣe ń kọ àṣẹ fún ojú inú kọ̀ǹpútà náà nìyẹn: lọ sí ibí, kọjú sí ibẹ̀, dúró. Àmọ́ ojú èèyàn ni ọba ń darí. Ọgbà tí ọba fọwọ́ sí ni ọgbà tí èèyàn rí láti orí ilẹ̀, ní ẹsẹẹsẹ.

Ìyẹn ò sọ pé wọn ò mọ ti ojú òkè nígbà náà. Ọnà broderie yẹn, torí ojú fèrèsé òkè ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Bí èèyàn bá dúró ti igi rẹ̀ nílẹ̀, kò ní rí ju ewé lọ. Àwọn tó ń fín àwòrán sára bàbà náà máa ń ya ààfin àti ọgbà bí ẹni pé ẹyẹ ni wọ́n, láìkúrò nílẹ̀. Wọ́n ń wo ìwọ̀n ilẹ̀, wọ́n ń fi rúlà fa á, wọ́n ń fojú inú fò. Ìgbà tí nǹkan abẹ̀mí máa gbéra gan-an láàfin Versailles, ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 1783 ni, bàlúù àwọn ọmọ Montgolfier ló sì gbé wọn, níṣojú Louis Kẹrìndínlógún. Àgùntàn kan, pẹ́pẹ́yẹ kan, àkùkọ kan. Wọ́n wà lókè fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́jọ, wọ́n sọ̀ láyọ̀. Àwọn ni ẹ̀dá àkọ́kọ́ tí wọ́n ti ààfin yẹn gbé rékọjá gbogbo ibi tí ọba ní kí èèyàn dúró sí, ó sì ṣeni láàánú pé ẹnikẹ́ni nínú wọn ò lè ròyìn.

Àwa tí a wá ní drone àti sátẹ́láìtì lónìí, ṣé òótọ́ là ń rí? Mo rò bẹ́ẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Mo fi ojú mi tọ ọnà broderie Vaux lọ láti òkè, mo ní, ọwọ́ Le Nôtre rèé. Kì í ṣe ọwọ́ Le Nôtre. Ìyàwó Fouquet rí Vaux gbà padà, ó pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó tà á fún Villars ọ̀gágun ní 1705. Ó tún bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn, ibẹ̀ sì di ahoro, kí Alfred Sommier, oníléeṣẹ́ ṣúgà, tó rà á ní 1875, tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Ère Hercules tó ń dán lókè yẹn, 1891 ni wọ́n gbé e síbẹ̀. Fouquet ní in lọ́kàn, kò sì rí i. Ọnà broderie, Achille Duchêne ló tún un yà ní 1923. Kódà ìyẹn ò tíì tán: kòkòrò àti àrùn ba igi rẹ̀ jẹ́, wọ́n hú u, oníṣẹ́ ọnà kan, Patrick Hourcade, sì fi pẹ̀lẹ́bẹ́ alumíníọ́mù tó rí bíi ríbọ́ọ̀nù rọ́pò rẹ̀ ní 2019.

Àwa tó ń kọ kóòdù mọ irú èyí. Ètò kan á wà tí ọ̀gá kan ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, orúkọ rẹ̀ ṣì wà lókè fáìlì, àmọ́ tí ẹ bá tú u wò, ìlà tó jẹ́ tirẹ̀ ò tó nǹkan. Bí wọ́n ṣe pín in ló kù. Ní Vaux, ìpín yẹn ni Le Nôtre: bí ilẹ̀ ṣe ń sọ̀, ibi tí omi dúró sí, kòtò tí odò sá pamọ́ sí. Ohun tó jẹ́ tirẹ̀ jù lọ ni ojú òkè ò fi bẹ́ẹ̀ rí, torí àwòrán sátẹ́láìtì máa ń tẹ́ òkè àti kòtò pẹrẹsẹ bí ẹní.

Ohun kan tún wà tí ẹni tó wà lórí ìjókòó àti ẹni tó gun igi jọ ń pàdánù. Àwọn abúlé kéékèèké wà lórí ilẹ̀ yẹn kí ọgbà tó dé. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Vaux, orúkọ tí ààfin náà ń jẹ́. Wọ́n wó wọn kí ilẹ̀ lè tẹ́jú. Mo fa àwòrán náà tóbi títí tó fi fọ́ sí wẹ́wẹ́ lójú ẹ̀rọ, mo ń wá bóyá ipa ọ̀nà àtijọ́ kan á ṣẹ́ kù lábẹ́ koríko, ibi tí ìdáná wà, ibi tí kànga wà. Koríko ni mo rí, wọ́n gẹ̀ ẹ́ dáadáa.

Mi ò tíì fẹsẹ̀ ara mi dé Vaux. Bí mo bá débẹ̀ lọ́jọ́ kan, màá dúró lórí àtẹ̀gùn, màá rìn lọ tààrà gba àárín bí wọ́n ṣe fẹ́, títí dé etí adágún onígun mẹ́rin, níbi tí ilẹ̀ ti já tí odò sì yọ lójijì. Kò ní yà mí lẹ́nu. Mo ti bà á jẹ́ fún ara mi láti orí àga mi, pẹ̀lú ìka méjì.